Bí a ṣe ń fi Python ṣe sáńpù àìròtẹ́lẹ̀, tí a sì ń ṣírò ohun tó wà nínú rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà ìṣirò kan ṣeé gbọ́kàn lé kò ní láti dúró de dátà gidi. Ó lè ní kí kọ̀ǹpútà ṣe dátà fún un láti ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀, kó wá wò ó bóyá ìṣirò náà yóò gbé e dé ìdáhùn yẹn. Dáìsì olójú mẹ́fà ni n ó lò níhìn-ín, nítorí pé a lè fi bírò ṣírò gbogbo òtítọ́ rẹ̀: ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 3.5, variance rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí àwọn nọ́ńbà ṣe tàn ká yí ìpíndọ́gba ká, jẹ́ 35/12, èyí tó súnmọ́ 2.917, standard deviation rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 1.708, nítorí pé 1.708 lọ́nà 1.708 ló ń fún wa ní 2.917.

Bí NumPy, ìyẹn àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò fún èdè kọ̀ǹpútà Python, kò bá tíì sí lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ fi `pip install numpy` gbé e wọlé, kí ẹ wá kọ báyìí:

```
import numpy as np
rng = np.random.default_rng(2024)
sanpu = rng.integers(1, 7, size=30)
```

Ọgbọ̀n nọ́ńbà tí a dà yìí ni sáńpù wa. Nọ́ńbà 2024 yẹn ni wọ́n ń pè ní seed. Kọ̀ǹpútà kì í da dáìsì ní tòótọ́; ìlànà ìṣirò kan ló ń tẹ̀ lé, seed sì ni ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá tún kóòdù náà ṣe lórí ẹ̀dà NumPy kan náà, nọ́ńbà kan náà ni yóò jáde. Ẹ má ṣe yọ ọ́ sílẹ̀, torí pé àṣìṣe tí kò ṣeé tún rí kò ṣeé tún ṣe.

Ẹ tún kíyè sí 7 yẹn. `integers` kì í fi nọ́ńbà tó wà ní ìparí kún un, ṣùgbọ́n `random.randint(1, 6)` tó bá Python fúnra rẹ̀ wá ń fi 6 kún un. Mo ti kọ 6 síbẹ̀ rí, mo sì fi ọ̀pọ̀ àkókò ṣòfò kí n tó mọ ìdí tí ìpíndọ́gba mi fi ń rọ̀ mọ́ 3: dáìsì olójú márùn-ún ni mo ń dà láìmọ̀.

Láti ṣírò, ẹ lo `sanpu.mean()` fún ìpíndọ́gba, `np.median(sanpu)` fún nọ́ńbà àárín, àti `sanpu.var(ddof=1)` fún variance. Ọ̀rọ̀ `ddof` yìí gba àlàyé. Ká ní ẹ da dáìsì lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí ẹ rí 2, 4, 4, 5 àti 5. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 4. Bí a bá mú ìyàtọ̀ tó wà láàárín 4 àti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí a fi í lọ́nà ara rẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 6. Ṣùgbọ́n bí a bá fi 3.5, tí í ṣe ìpíndọ́gba dáìsì gan-an, wọn ìyàtọ̀ náà, 7.25 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ìpíndọ́gba sáńpù máa ń súnmọ́ àwọn nọ́ńbà inú sáńpù náà ju nọ́ńbà mìíràn lọ, nítorí ara wọn ni ó ti jáde, ìdí sì nìyí tí variance tí a rí nípa pípín àpapọ̀ náà sí 5 fi máa ń kéré jù ní gbogbogbòò. `ddof=1` ń jẹ́ kí a pín in sí 4. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, 5 ni NumPy yóò lò, nígbà tí R àti pandas, àwọn irinṣẹ́ ìṣirò mìíràn, ń lo 4 láìjẹ́ pé a sọ fún wọn. Dátà kan náà lè tipa bẹ́ẹ̀ mú ìdáhùn méjì wá láìsí ẹni tó ṣìṣe.

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán, ẹ dán an wò pẹ̀lú sáńpù ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ sáńpù kan:

```
tabili = rng.integers(1, 7, size=(10000, 5))
print(tabili.var(axis=1).mean())
print(tabili.var(axis=1, ddof=1).mean())
print(tabili.mean(axis=1).std())
```

Ìdáhùn àkọ́kọ́ yóò wà nítòsí 2.333, ìyẹn ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún òtítọ́. Èkejì yóò wà nítòsí 2.917. Ẹ̀kẹta ń sọ bí ìpíndọ́gba ṣe ń yàtọ̀ láti sáńpù kan sí òmíràn, yóò sì wà nítòsí 0.764, èyí tí í ṣe 1.708 tí a pín sí `np.sqrt(5)`. Bí ẹ bá sọ 5 inú `size` di 20, yóò já sí nǹkan bí 0.382: sáńpù ní láti tóbi ní ìlọ́po mẹ́rin kí ìyàtọ̀ náà tó dín kù sí ìdajì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ 10000 di 40000, tí wọ́n á máa retí pé kí nọ́ńbà yìí lọ sílẹ̀. Kò ní lọ sílẹ̀. Iye ìgbà tí a tún un ṣe kàn ń mú kí 0.764 náà dúró ṣinṣin sí i ni.