Bá a ṣe lè dúró ti ẹni tó ń rò ó pé kóun pa ara òun

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí jáde, torí bá a ṣe ń bò ó mọ́lẹ̀ wà lára ohun tó ń pa àwọn èèyàn wa.

Àkọ́kọ́, máa wo ẹni tó bá yí padà. Bọ̀dá télọ̀ kan ládùúgbò wa ní Ìsínkàn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ayé ti sú àwọn, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá aṣọ oníbàárà padà láìrán, wọ́n wá gbé sísọ́ọ̀sì tí wọn kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kàn fún ọmọ iṣẹ́ wọn, wọ́n ní "máa lò ó, mi ò nílò ẹ̀ mọ́." Ọmọ yẹn ló sáré wá bá mi.

Bi í, kóo sì bi í gbangba. Mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì, àyà mi ń já, mo ní "Bọ̀dá, ẹ má bínú, ṣé ẹ ti ń rò ó pé kẹ́ ẹ pa ara yín ni?" Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ní "bẹ́ẹ̀ ni", ni wọ́n bá bú sẹ́kún. Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò burúkú síni lórí o, ńṣe ló ń tú ẹni tó ti ń dá a gbé sílẹ̀. Má sọ pé "ọkùnrin kì í sunkún", má sọ pé gbèsè tàwọn mìíràn jù tiẹ̀ lọ. Ṣáà gbọ́.

Lẹ́yìn náà, wá ẹni tiẹ̀. Ibi tí mo ti rí èyí kọ́ ni ọ̀dọ̀ àwọn Aboriginal tó ni ilẹ̀ Ọsirélíà. Àwọn òyìnbó gba ilẹ̀ wọn, ìjọba sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ọmọ wọn lọ kúrò lọ́dọ̀ òbí, ìbànújẹ́ yẹn ṣì ń ja àwọn ọmọ-ọmọ títí dòní, tá a bá sì wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn láàárín wọn pọ̀ ju tàwọn ará Ọsirélíà yòókù lọ fíìfíì. Ní 2022 wọ́n dá ìlà fóònù ìrànlọ́wọ́ kan tó ń jẹ́ 13YARN sílẹ̀, ẹni tó wà lọ́hùn-ún tó bá pe 13 92 76, tọ̀sán tòru, ẹ̀yà wọn ló máa gbé e, kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ẹni tóun jẹ́. Ìyẹn ni mo rò tí mo fi pe ẹ̀gbọ́n bọ̀dá yìí obìnrin ní Ìdànrè, wọ́n dé kí ilẹ̀ tó ṣú, èdè ilé ni wọ́n sì fi bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀.

Má fi í sílẹ̀ lóun nìkan lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kó oògùn eku, oògùn kòkòrò àti oògùn tó bá ṣẹ́ kù nílé kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Tó bá ti fẹ́ ṣe é báyìí, pe 112 tàbí kóo gbé e lọ sí ọsibítù tó bá sún mọ́ yín jù.

Àdúrà dáa, èmi náà gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ sórí òkè kẹ́ ẹ sì gbàgbé dókítà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà níbí ní Àkúrẹ́. Bá a lọ, jókòó tì í níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, torí ibẹ̀ ni ojú ti máa ń ti èèyàn jù, ibẹ̀ ló sì ti lè yí padà sílé.

Tó bá ti rẹ́rìn-ín, má tíì lọ. Ẹ̀gbọ́n bọ̀dá ṣì ń pè wọ́n ní gbogbo alẹ́, èmi náà máa ń yà síbẹ̀ tí mo bá ti ń bọ̀ láti Ọjà Ọba, ọmọ iṣẹ́ wọn sì ti dá sísọ́ọ̀sì padà.