Bí mo ṣe ta ọ̀rá fún àwọn oníbúrẹ́dì tí kò mọ̀ mí rí: ìrírí mi

Iṣẹ́ ọ̀rá búrẹ́dì, ìyẹn ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Èmi kọ́ ni mo ni ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Múṣín ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń wá àwọn ilé búrẹ́dì tí yóò rà á, tí mo ń gba orúkọ àti àwòrán tí wọ́n fẹ́ kí ó wà lára rẹ̀, tí mo sì ń rí i pé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà wọn. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, àwọn tí ẹ̀gbọ́n mi fi mí hàn nìkan ni mo ń tà fún. Nígbà tí méjì nínú wọn ti ilẹ̀kùn pa nítorí owó fúláwà àti dísẹ́ẹ̀lì, mo rí i pé àfi kí n kọ́ bí a ṣe ń bá ẹni tí kò mọ̀ mí rí sọ̀rọ̀ títí yóò fi rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi náà yóò ti ilẹ̀kùn tèmi.

Mo gba àkójọ nọ́ńbà 212 lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ti àwọn oníbúrẹ́dì ni gbogbo wọn. Mo kó wọn sórí fóònù, mo sì fi broadcast orí WhatsApp ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà: “Ẹ káàárọ̀ o. Iléeṣẹ́ wa ló ń tẹ ọ̀rá búrẹ́dì tó dára jù lọ ní owó pọ́ọ́kú. A ní ìrírí, a sì ṣeé fọkàn tán. Ẹ pè wá lónìí.” Odindi ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sí ẹni tó fèsì. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan wá ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà mi pamọ́ sórí fóònù tirẹ̀ nìkan ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi tí mo rò pé igba ènìyàn kọ etí ikún sí mi, kò sí ẹni tó gbọ́ mi rárá.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀, nítorí èrò mi ni pé oníṣòwò a máa tètè jí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta mo pe ọgọ́ta nọ́ńbà. Mẹ́tàdínlógún péré ló gbé e, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn já fóònù kí n tó sọ orúkọ mi tán, ọ̀kan sì jẹ́ káfíńtà. Obìnrin kan kò bínú rárá, ó kàn mí kanlẹ̀ ni: “Ẹ̀yin ènìyàn yìí, ẹ jẹ́ kí n sùn díẹ̀.”

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ búrẹ́dì yóò ti máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń po fúláwà, òru ni wọ́n ń yan án, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn alágbàtà ti ń to ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Bí ọkọ̀ ìkẹyìn bá lọ, tí wọ́n sì ka owó tán, ìgbà náà ni ọ̀gá ń forí lélẹ̀. Aago mẹ́jọ tèmi yẹn, oorun àkọ́sùn ni mo ń jí wọn lójú rẹ̀. Mo sún àkókò mi sí àárín aago méjìlá sí méjì ọ̀sán, mo sì yọ ọjọ́ Jímọ̀ kúrò pátápátá, nítorí ọ̀pọ̀ oníbúrẹ́dì tí mo ń lé kiri ló ń lọ sí mọ́sálásí ní wákàtí yẹn gan-an.

Àkójọ 212 yẹn, mo dà á nù. Nọ́ńbà àdáni àwọn ènìyàn ló kún inú rẹ̀, ti àwọn tí kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti tà á. Òfin ìdáàbòbò dátà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí a má ṣe fi nọ́ńbà rẹ̀ polówó ọjà fún un, àjọ NCC tó ń bójú tó iṣẹ́ fóònù náà sì ti ya nọ́ńbà kúkúrú 2442 sọ́tọ̀ tipẹ́ fún ẹni tí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó bá ti sú. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà tí oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ bá kọ sára ọ̀rá rẹ̀ tàbí sára pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìkan ni mo ń pè. Ẹni tó kọ nọ́ńbà sójú títì fẹ́ kí wọ́n pe òun nítorí ọjà.

Ibẹ̀ ni ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀, torí pé kí n tó lè rí nọ́ńbà ara ọ̀rá, àfi kí n ra búrẹ́dì. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń jí lọ sí Òjòó, Ìwó Road àti Mọ́nátán, níbi tí àwọn ìyá oníbúrẹ́dì ti ń tò ó sórí tábìlì ní ìdájí, mo sì ń ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan lára orúkọ tí n kò bá tíì rí rí. Búrẹ́dì mọ́kàndínlógún ni mo rà. (Àwọn ọmọ mi fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà, wọ́n fi mu tíì, wọ́n fi jẹ ọbẹ̀ ata, títí àbíkẹ́yìn fi béèrè bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi ni.) Àwọn ìyá yìí gan-an ló kọ́ mi ní ohun tí kò sí nínú àkójọ kankan: búrẹ́dì tí ọ̀rá rẹ̀ ń ya bí wọ́n bá tò ó gíga, èyí tí àwọn oníbàárà ń dá padà nítorí pé wọn kò rí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kà, àti èyí tí ọ̀gá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìwọ̀n rẹ̀ padà ṣùgbọ́n tó ṣì ń fi ọ̀rá àtijọ́ dì í.

Orí tábìlì ilé ìdáná ni mo ti ń yẹ̀ wọ́n wò. Màá tú búrẹ́dì jáde, màá rẹ ìka mi sínú omi, màá fi ra ibi tí tàdáwà pọ̀ sí jù lára ọ̀rá náà, màá sì nu ìka náà sára aṣọ funfun. Bí aṣọ bá pọ́n tàbí tó bá di búlúù, mo ti mọ̀ pé òógùn ọwọ́ alágbàtà náà yóò ṣe é bẹ́ẹ̀. Màá fa ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bóyá yóò ya. Màá wo nọ́ńbà NAFDAC bóyá ó ṣeé kà. Ní ìkẹyìn, màá pe nọ́ńbà fóònù tó wà lára rẹ̀. Ìlà kan péré ni mo ń kọ sílẹ̀ nípa búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan, bí n kò bá sì rí ohun kan pàtó tí mo lè fi tayọ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn, mo ń fi onítọ̀hún sílẹ̀. Ìyẹn ló nira fún mi jù, nítorí ojú oníṣòwò kì í fẹ́ kúrò lára ẹni tó ṣeé ṣe kó rà.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó ní nọ́ńbà méjì. Mo pe àkọ́kọ́, kò lọ. Mo pe ìkejì, awakọ̀ akẹ́rù kan ní Ṣàgámù ló gbé e, ó ní ọdún kejì nìyí tí àwọn ènìyàn ti ń béèrè búrẹ́dì lọ́wọ́ òun. Ìyá tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló júwe ilé búrẹ́dì náà fún mi, lápá Àpáta, mo sì lọ ka nọ́ńbà mìíràn lára pátákó wọn. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ra búrẹ́dì yín ní Òjòó láàárọ̀ àná, mo sì pe nọ́ńbà méjèèjì tó wà lára ọ̀rá rẹ̀. Ọ̀kan kò lọ, ẹni tí kì í ṣe ará ibi iṣẹ́ yín ló gbé ìkejì. Ara pátákó yín ni mo ti rí èyí. Ọ̀rá búrẹ́dì ni mò ń tà. Ṣé ẹ ti ń tún tiyín tẹ̀ ni, àbí kí n mú àpẹẹrẹ kan wá ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn aago méjìlá?”

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ohùn Àlàájà tó ni ilé búrẹ́dì náà fi wọlé: “Ìwọ ta ni? Ṣé lóòótọ́ ni nọ́ńbà yẹn kò lọ?” Ẹ fi èyí wé iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rán. Ti àkọ́kọ́, èmi ni mo wà nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú èyí, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kàn mí, búrẹ́dì Àlàájà ló ni ìyókù, ìbéèrè tó sì parí rẹ̀ kò gbà ju ìdáhùn kúkúrú kan lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo bá a lórí àga ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń to fúláwà sí. Ó gba àpẹẹrẹ mi, ó tọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ lá, ó sì fi ra ojú ọ̀rá náà títí ó fi gbóná, bí mo ṣe ń ṣe é nílé gan-an. Tàdáwà kò ṣí. Mo ti rò pé iye tí mo ń ta kílò kan ni yóò fa ọ̀rọ̀, àmọ́ kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, “Ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fún mi ni sìlíńdà mi wà. Ṣé ìwọ lo máa san owó òmíràn?”

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Nínú irú ìtẹ̀wé tí à ń lò fún ọ̀rá yìí, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní sìlíńdà onírin tirẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán sí lára. Àwọ̀ mẹ́rin, sìlíńdà mẹ́rin. Oníbàárà ló ń san owó rẹ̀ kí ọ̀rá àkọ́kọ́ tó jáde, ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ló sì máa ń wà lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí oníbúrẹ́dì fi lè mọ̀ pé ọ̀rá òun kò dára tó, kí ó má sì lè kúrò níbi tó wà. Mo ti fi oṣù mẹ́ta dín owó kílò kù fún àwọn ènìyàn láìmọ̀ pé ibòmíràn ni bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo padà sí Múṣín, mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà kí a pín owó sìlíńdà sára ẹrù mẹ́ta àkọ́kọ́, a sì tún àwòrán Àlàájà yà kí àwọ̀ méjì lè tó o. Ó rà á. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti fèsì sí iṣẹ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ sìlíńdà ni mo ń sọ tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó béèrè.

Mo ba ọ̀kan jẹ́ pátápátá. Bàbá kan ní Mọ́nátán ni, mo sì kọ̀wé sí wọn pé tàdáwà ọ̀rá wọn ń yọ́ mọ́ búrẹ́dì, èyí tó lè ṣe àwọn oníbàárà wọn ní jàǹbá. Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀: “Ọmọdé yìí, kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń yan búrẹ́dì. Ta ló rán ọ sí mi?” Mo bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọn kò rà títí di òní. Òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ bí ẹni ń bá àgbà wí ni mo ṣe sọ ọ́. Ní báyìí, bí mo bá rí irú rẹ̀, mo ń kọ ọ́ pé, “Tàdáwà rẹ̀ ra mí lọ́wọ́ díẹ̀, bóyá ọwọ́ mi ló tutù,” n kò sì jẹ́ fi fọ́tò àléébù ránṣẹ́ àyàfi bí wọ́n bá ní kí n fi í hàn wọ́n.

Ní ti ẹni tí kò bá fèsì, mo ń dúró ọjọ́ mẹ́rin kí n tó tún kọ, n kì í sì í kọ pé mo ń rán wọn létí. Mo ń mú ohun tuntun wá: àwòrán ọ̀rá tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀, bí àpẹẹrẹ. Ẹ̀kẹta, mo ń fi í pamọ́ de ìgbà tí owó fúláwà bá yí padà, nítorí pé nígbà náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń yí ìwọ̀n búrẹ́dì padà, tí ọ̀rá àtijọ́ kò sì ní bá a mu mọ́. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, mo dákẹ́. Ẹni tó bá ní kí n má kọ̀wé sí òun mọ́, mo ń fi gègé pupa kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ìwé kí n má baà gbàgbé.

Láàárín oṣù mẹ́rin, búrẹ́dì mẹ́tàlélógójì ni mo rà lápapọ̀. Mo yọ mẹ́tàdínlógún kúrò, mo kọ̀wé sí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fèsì, mẹ́sàn-án ní kí n máa bọ̀, márùn-ún ló sì rà. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà ṣì jẹ mí lówó ẹrù kejì, mò ń rọra bá a fà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tún gba Òjòó kọjá, mo sì rí búrẹ́dì Àlàájà nínú ọ̀rá tuntun. Mo ra ẹyọ kan, mo sì pe nọ́ńbà ara rẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Ọmọbìnrin kan gbé e, ó kí mi, ó sì béèrè bóyá onílà ni mo fẹ́ tàbí oníwàrà, àti pé mélòó ni kí àwọn gbé sọ́kọ̀ fún mi.