Kọ̀ǹpútà Ní Ó Dára, Ike Ń Jò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Fífi Lésà Jó Ike Pọ̀

Bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyí: ìtànṣán lésà gba inú ike òkè kọjá, ike ìsàlẹ̀ tí kábọ́ọ̀nù dúdú wà nínú rẹ̀ gbé e mì, ó yọ́, ooru rẹ̀ sì yọ́ ti òkè mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbàgbé èyí yóò máa bá sẹ́ńsọ̀ jà lásán.

Kí ló dé tí ojú ike òkè ń jó dúdú?
Ìdọ̀tí ló sábà máa ń fà á. Ẹ fi ọtí isopropyl nu ike àti gíláàsì tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

A ò yí agbára lésà padà, síbẹ̀ ojú ìjópọ̀ ń rọ.
Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ ni ohun tí ẹ ní kó ṣe, kì í ṣe ohun tó dé ara ike. Ẹ wọn agbára lábẹ́ lẹ́ńsì. Bó bá ti dín, gíláàsì tó ń dáàbò bo lẹ́ńsì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ihò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ kún ojú ìjópọ̀.
Omi ló wà nínú ike, tàbí ooru ló pọ̀ jù. PA6, ìyẹn irú náílọ́ọ̀nù kan, máa ń fa omi gan-an: ẹ gbẹ ẹ́ ní 80°C. Bí ihò kò bá lọ, ẹ dín agbára kù.

Páíròmítà (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí nǹkan ṣe gbóná tó láì fara kàn án) ní gbogbo rẹ̀ dára, àmọ́ ike ń jò tí a bá fi afẹ́fẹ́ dán an wò. Ṣé ká pààrọ̀ páíròmítà?
Rárá o! Páíròmítà kì í rí ìjópọ̀. Ooru tó ń gba inú ike òkè jáde ló ń rí. Bí ike òkè bá ń fọ́n ìtànṣán ká, lésà tó ń lọ sísàlẹ̀ máa dín, ooru tó ń padà bọ̀ náà sì lè dín. Bí ẹ bá wá jẹ́ kí páíròmítà máa darí agbára, yóò rò pé ibẹ̀ tutù, yóò fi agbára kún un, ike á jóná, ìlà orí kọ̀ǹpútà á sì tẹ́ rẹrẹ bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Àlàfo tún burú ju ìyẹn lọ. Níbi tí ike méjèèjì kò ti fara kanra, ooru ìsàlẹ̀ kò rí ibi gbà lọ sókè. Ti ìsàlẹ̀ á gbóná dáadáa, ti òkè ò ní yọ́ rárá. Ó gbóná, ṣùgbọ́n kò lẹ̀. Bí ẹ bá sì ń wo ìpíndọ́gba ooru gbogbo ìlà ìjópọ̀, àlàfo 2 mm á sá mọ́ yín lójú.

Nítorí náà, kí ẹ tó jó ohunkóhun, ẹ wọn bí ìtànṣán ṣe ń la ike òkè kọjá. Ìtànṣán tó ní gígùn ìgbì kan náà pẹ̀lú lésà yín ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, bíi 980 nm. Ojú lásán kò lè sọ ọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n nítòsí ẹnu tí ike yíyọ́ gbà wọ móòdù àti níbi tó jìnnà sí i, nítorí PBT (irú ike mìíràn), àti PA6 tó ní 30% fọ́nrán gíláàsì, kì í rí bákan náà jákèjádò: bó ṣe tutù àti ibi tí fọ́nrán dorí kọ ń yí i padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èyí tó bàjẹ́. Ẹ dín agbára kù ní 10%, ẹ dín ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kù, ẹ ki bébà irin 0.1 mm sáàárín, kí ẹ sì tọ́jú ìlà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ gé wọn, ẹ fi maikirosíkópù wo ojú ibi tí ẹ gé, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àwọn yòókù títí wọ́n á fi bẹ́. Ààlà tí ẹ fún sẹ́ńsọ̀ láti fi ya èyí tó dára sọ́tọ̀, tí a kò tíì fi èyí tó bàjẹ́ dán wò, àbá lásán ni.

Ṣé wíwọn bí ike òkè ṣe rì kò tó?
Bí lésà bá ń sáré yí gbogbo ìlà ìjópọ̀ ká léraléra, ó wúlò púpọ̀: ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró nígbà tó bá rì dé ìwọ̀n tí ẹ yàn, bíi 0.2 mm, kì í ṣe nígbà tí àkókò bá pé. Àmọ́ gbogbo ike lápapọ̀ ló ń wọ̀n, kò mọ àlàfo ojú kan. Ẹ lò ó pẹ̀lú páíròmítà. Bí lésà bá ń gba ìlà kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò wúlò.

Ṣé a lè ṣí orí lésà tún un ṣe fúnra wa?
Ẹ má ṣe é. Ìtànṣán yìí kò hàn sójú, ojú kò sì ní ṣẹ́ kí ó tó bà á jẹ́. Gíláàsì tó ń dáàbò bo lẹ́ńsì ni kí ẹ pààrọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ iná ẹ̀rọ. Ìyókù, ẹ pe àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà.