Bẹ́ẹ ṣe lè máa kó ilé olódi LEGO jọ láì jẹ gbèsè

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kó tó di pé ẹnì kan bi mí. Bẹ́ẹ̀ ni, àgbàlagbà ni mí, mo ti bímọ, mo dẹ̀ ń ra LEGO, àwọn bíríkì ike táwọn ọmọdé máa ń tò pọ̀ yẹn, kì í dẹ̀ ṣe fáwọn ọmọ o, fún ara mi ni. Ìyá àwọn ọmọ mi kọ́kọ́ máa ń rẹ́rìn-ín, "Dádì, ẹ̀yin àti ìṣeré yín yìí ṣá", àmọ́ ìgbà tó rí i pé ó sàn ju kí n máa ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lọ, ó fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Gbogbo LEGO kọ́ ni mò ń rà. Tèmi ò ju Castle lọ, ìyẹn àwọn ilé olódi, ọba, jagunjagun orí ẹṣin, ọ̀kọ̀, asà, afárá tí wọ́n ń fi ṣéènì fà sókè, bí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe rí láyé ọjọ́un kí ìbọn tó gbòde. England tí mò ń gbé yìí, àwọn ilé olódi gidi kún ibẹ̀, owó la dẹ̀ fi ń wọ̀ wọ́n wò. Tèmi wà lórí sẹ́ẹ̀fù ní pálọ̀. Àwọn tó ń bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ti pọ̀ díẹ̀, torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ eléyìí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdílé tó wà ńbẹ̀

Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Ẹ mọ ohun tẹ́ẹ fẹ́ rà ná.

Billund ní Denmark ni ilé iṣẹ́ LEGO wà, láti 1932 ni wọ́n dẹ̀ ti ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Àmọ́ ilé olódi tí gbogbo wa kà sí bàbá àwọn yòókù, 1978 ló jáde, nọ́ńbà ẹ̀ ni 375. Ìyeyè ni gbogbo ara ẹ̀ láti òkè délẹ̀! Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn ọ̀gá ńbẹ̀ ò fẹ́ kó bíríkì aláwọ̀ eérú púpọ̀ fọ́mọdé, kí wọ́n má lọ fi kọ́ ọkọ̀ ogun. Ẹyọ 767 ló wà nínú ẹ̀, èèyàn 14, kódà bíríkì lẹ máa fi to ẹṣin ẹ̀, torí pé ẹṣin odidi tí gbogbo wa mọ̀ yìí, 1984 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọdún 1984 yẹn lọ̀rọ̀ wá dùn. King's Castle, 6080, jáde, bíríkì aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ́ ọ wàyí, ìdílé àwọn jagunjagun tí kìnnìún wà lára asà wọn ló ni ín. Ọdún yẹn náà ni àwọn Black Falcons dé, àwọn tí ẹyẹ wà lára asà wọn. Ní 1987, àwọn Forestmen yọjú, aṣọ ewéko lọ́rùn, ìyẹ́ lórí fìlà, inú ihò igi ni wọ́n ń sá pamọ́ sí. Black Knights tẹ̀ lé wọn ní 1988, àwọn olè tí wọ́n ń pè ní Wolfpack dé ní 1992, nígbà tó di 1993 dírágónì àti oṣó kan tí irùngbọ̀n ẹ̀ funfun balau ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Iwin kan tiẹ̀ wà nínú 6081 ti 1990 tó máa ń tàn nínú òkùnkùn, ọmọ mi àbíkẹ́yìn kì í fẹ́ kí n gbé e sún mọ́ yàrá òun.

Asà yẹn lẹ máa fi dá wọn mọ̀. Ó dà bí ilà ojú, tẹ́ẹ bá ti rí i ẹ ti mọ ilé tí oníṣe ti wá.

Ẹ mú ẹyọ kan

Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ìdílé kan, tàbí sáà kan, ẹ mú un, kẹ́ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Black Falcons lèmi mú, torí ẹyẹ yẹn ṣáà wù mí.

Tó bá jẹ́ tuntun lẹ fẹ́, èyí tó lókìkí jù láìpẹ́ yìí ni Lion Knights' Castle, 10305, tó jáde ní 2022 nígbà tí ilé iṣẹ́ náà pé 90 ọdún. Ẹyọ 4514, èèyàn 22, obìnrin ló dẹ̀ ń jọba níbẹ̀. 400 dọ́là ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́, ẹ lè ṣí i sí méjì kẹ́ẹ rí gbogbo inú yàrá, àmọ́ mi ò ní sọ pé kẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ rà á, torí pé tẹ́ẹ bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, kí lẹ máa wá gùn? Ẹ wá àtijọ́ kékeré kan, tí èèyàn méjì mẹ́ta wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú ẹṣin kan. Ìyẹn ló máa kọ́ yín níṣẹ́.

Ibi tẹ́ẹ ti máa rà á

Sẹ́ẹ̀tì tí wọn ò ṣe mọ́, òkìrìká ni gbogbo ẹ̀ o. eBay, Facebook, ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú, ọjà òwúrọ̀ Sunday tí wọ́n ti ń tajà nínú bùùtù ọkọ̀. Àmọ́ ojúlé gbogbo wa ni BrickLink, ọjà LEGO kan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti 2000 ló ti wà, LEGO fúnra wọn rà á ní 2019, oríṣiríṣi èèyàn káàkiri ayé ló dẹ̀ ń tajà níbẹ̀, látorí sẹ́ẹ̀tì odidi dórí ìyẹ́ fìlà kan ṣoṣo.

Àṣírí kan rèé. Kẹ́ẹ tó dúnàádúrà níbikíbi, ẹ lọ wo BrickLink, wọ́n máa ń kọ iye tí wọ́n tà á láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Iye tí wọ́n *tà á* ni mo wí, ẹ má wo iye tí wọ́n ń pè é. Ẹnikẹ́ni lè pe ẹṣin kan ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, pípè ò ní kẹ́nì kan rà á.

Ẹ má dẹ̀ kówó lé páálí. Àwọn kan máa ń san owó gidi nítorí páálí òfìfo tó ti ń ya létí. Tẹ́ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé, bíríkì lẹ nílò, ìwé ìkọ́lé ti tuntun dẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí wẹ́ẹ̀bù LEGO, ti àtijọ́ náà ò ṣòro rí tẹ́ẹ bá tẹ nọ́ńbà ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà nílé, tẹ́ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lókè òkun, ẹ ní kí wọ́n gbà á síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n wá kó o sínú àpótí tí wọ́n bá ń bọ̀. Kò wúwo.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tún un yẹ̀ wò

Ibí ni wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, nítorí náà ẹ fara balẹ̀.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo rí Black Falcon's Fortress, 6074, ti 1986, oníṣòwò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń tà á. "Ó pé, kò sí ohun tó dín," ohun tó kọ nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mi ò tiẹ̀ béèrè fọ́tò míì. Ó dé, mo kà á, lóòótọ́ ó pé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lálẹ́ lábẹ́ iná pálọ̀ wa tó pọ́n dẹ̀dẹ̀, mo parí ẹ̀, mo sùn. Àárọ̀ tí oòrùn wá tàn wọlé, mo rí i pé ògiri yẹn rí pàtẹpàtẹ bí ara ọmọ tí wọ́n fi pankéré nà. Àwọ̀ eérú oríṣi méjì ló wà lára ẹ̀!

Ohun tó fà á rèé. Ní 2004, LEGO pààrọ̀ àwọ̀ eérú wọn. Ti àtijọ́ rí bí eérú abẹ́ ààrò gan-an, ó gbóná lójú, tó bá dàgbà á fẹ́ máa pọ́n díẹ̀díẹ̀. Tuntun tutù lójú, bíi pé ẹnì kan bu aró díẹ̀ sí i. Lábẹ́ gílóòbù pupa ẹ ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ láéláé. Sẹ́ẹ̀tì 1986 ò lè ní bíríkì tí àwọ̀ ẹ̀ ò tíì dáyé! Arákùnrin yẹn kàn fi tuntun dí àlàfo ni. Mo kọ̀wé sí i, ó ní òun ò mọ̀, bóyá lóòótọ́ ni, Ọlọ́run ló mọ̀, owó mi ò ṣáà padà. Àtìgbà yẹn, fọ́tò tí wọ́n yà níta, lójú ọ̀sán, ni mo máa ń béèrè. Tẹ́ni tó ń tajà bá kọ̀, mo ti lọ nìyẹn. Búráùn náà yí padà lásìkò kan náà o, nítorí náà ẹ wo ilẹ̀kùn àti igi inú ẹ̀ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn àwọ̀, ẹ wo orí bíríkì. Gbogbo kókó roboto tó wà lórí ojúlówó ni wọ́n kọ LEGO sí, kékeré báyìí. Tí kò bá sí, ayédèrú ni. Ayédèrú pọ̀ gan-an nínú Castle, pàápàá àwọn jagunjagun, torí pé ara èèyàn lowó wà.

Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa, ara èèyàn lowó wà. Ògiri kì í wọ́n. Àwọn èèyàn kékeré yẹn tí à ń pè ní minifig, asà wọn, aṣọ ẹṣin, ìyẹ́ orí akoto, àwọn yẹn ló ń gbé owó gọbọi. Nítorí náà tẹ́ẹ bá rí àpò bíríkì àdàpọ̀ tí wọ́n ń tà ní kílò, ẹ má wo bó ṣe pọ̀ tó, orí àti asà ni kẹ́ẹ máa ka. Ẹ tún gbé jagunjagun kọ̀ọ̀kan sún mọ́ ojú, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wo abẹ́ apá. Ìlà tín-ínrín kan máa ń wà níbẹ̀, bí irun orí, látìdí apá wá sísàlẹ̀. Ó ti sán nìyẹn, kò dẹ̀ ní pẹ́ tí apá á fi máa já bọ́. Àwọn àtijọ́ ni àrùn yẹn ń bá jà jù.

Kódà ẹran ọ̀sìn lè gbówó lórí! Ewúrẹ́ kan wà nínú Mill Village Raid, 7189, ti 2011. Fún ọ̀pọ̀ ọdún owó ewúrẹ́ yẹn gbẹ́nu sókè débi tó ń yà mí lẹ́nu, ewúrẹ́ ike o, tí kò lè bímọ, tí ẹ ò dẹ̀ lè fi se ọbẹ̀. Nígbà tí Medieval Town Square, 10332, jáde ní 2024, wọ́n wá tún ewúrẹ́ dá padà, ọkàn àwọn èèyàn balẹ̀.

Fífọ̀

Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kó má kọjá 40°C, ọṣẹ tí ò le, kẹ́ẹ fi ọwọ́ pò ó. Ẹ má se é, ẹ má kó o sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Èyí tí sítíkà bá wà lára ẹ̀, aṣọ tútù lẹ máa fi nù ún. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ́ tówẹ́ẹ̀lì, ẹ dà wọ́n lé e, ẹ tan fáànù sí i, ẹ má sá a sóòrùn. Ó parí.

Ẹ kà á, ẹ wá èyí tó kù

Èyí ni ibi tó dùn jù nínú gbogbo ẹ̀ fún mi, ẹlòmíì lè má gbà. BrickLink àti Rebrickable ní àkójọ ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ-ẹyọ. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ to bíríkì yín sínú abọ́, àwọ̀ sí àwọ̀, kẹ́ẹ máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin jùjú lẹ́yìn, tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀ máa ṣú kẹ́ẹ tó mọ̀.

Èyí tí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ohun tẹ́ẹ ń wá lórí BrickLink, ẹ má dẹ̀ kánjú rà á lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń pa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n á ra ẹyọ mẹ́ta lọ́dọ̀ eléyìí, ẹyọ méjì lọ́dọ̀ tọ̀hún, owó ìfiránṣẹ́ á wá ju owó ọjà lọ. Ẹ jẹ́ kó gùn tó ogún ọgbọ̀n ẹyọ, kẹ́ẹ wá wá ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó ní èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Nípa búráùn tuntun, ẹ ṣọ́ra o. Búráùn pupa tí wọ́n ń lò lẹ́yìn 2004 yẹn, àìmọye ẹ̀ ló gbẹ bí ewé gbígbẹ. Ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́rẹ́, ó ṣẹ́. Ẹ máa fi pẹ̀lẹ́ yọ ọ́, ẹ dẹ̀ ra ẹyọ méjì mẹ́ta lé e.

Ibi tẹ́ẹ máa gbé e sí

Kó jìnnà sí fèrèsé. Oòrùn ló ń sọ funfun di ìyeyè, eérú náà ò dẹ̀ mórí bọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì dáa torí eruku, èmi ò ní, nítorí náà bọ́rọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun àtíkè sójú ni mo fi ń gbọn tèmi. Kì í ṣe tèmi ni bọ́rọ́ọ̀ṣì yẹn, a ti sọ̀rọ̀ lé e lórí nílé wa, mo ti ra òmíràn dípò ẹ̀.

Falcon's Fortress tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, oṣù mẹ́jọ ni mo fi yọ eérú aláró yẹn kúrò lára ẹ̀, mo ń fi ti àtijọ́ dí i díẹ̀díẹ̀, ògiri ẹ̀ ti wá rí bákan náà báyìí, yálà àárọ̀ yálà alẹ́. Ó ku ìbojú akoto ẹyọ kan fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu géètì. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Jámánì ní in, àmọ́ wọ́n ní ọjà wọn ò gbọ́dọ̀ dín ní yúrò mẹ́wàá, nítorí náà mo ṣì ń wá nǹkan míì tí mo máa fi kún un.