Ẹ má tíì tẹ PIN: bí a ṣe ń dá àkáǹtì oníjìbìtì mọ̀

Bí ẹ bá ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì, tí ẹ sì ti mú báǹkì, orúkọ kan á yọ lójú fóònù. Báǹkì ló gbé orúkọ yẹn wá, kò sí ọwọ́ ẹni tó ń bá yín tajà lórí WhatsApp níbẹ̀. Ẹ kà á dé ìparí. Bí ilé iṣẹ́ tó ní ìwé CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀) ló ń tajà, orúkọ ilé iṣẹ́ náà ló yẹ kó yọ. Oníṣòwò kékeré lè máa fi àkáǹtì ara rẹ̀ gbowó, ìyẹn kò burú, àmọ́ kó jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ bá wà nínú ohun tó yọ, ẹ fi í sílẹ̀: àpò tẹ́tẹ́ ẹnìkan lẹ fẹ́ rọ owó sí.

“Àkáǹtì ìyàwó mi ni, tèmi ti kún.” Ẹnu àwọn tó ń lo àkáǹtì àyálò la ti sábà máa ń gbọ́ èyí. Ẹlòmíì ló fi BVN rẹ̀ ṣí i, wọ́n fún un lówó díẹ̀, wọ́n gba káàdì àti PIN rẹ̀. Orúkọ tó jáde á jẹ́ ti èèyàn gidi, ìdí nìyẹn tí orúkọ nìkan kò fi tó. Ẹ wo ìwà owó náà pẹ̀lú. Àkáǹtì ìpele kìíní (Tier 1, èyí tó kéré jù ní báǹkì) kò gbọ́dọ̀ ní ju ₦300,000 lọ nínú, nítorí náà, ẹni tó ń ta jẹnẹrétọ̀ ₦800,000 tó ní kí ẹ pín in sí àkáǹtì mẹ́ta, ẹ bi í léèrè ìdí. Ẹni tó yí nọ́ńbà padà lẹ́yìn tí ẹ ti fẹnu kò lórí iye, ẹ má sanwó fún un rárá.

Nọ́ńbà mẹ́wàá tó wà nínú àkáǹtì náà ń sọ nǹkan. Lọ́dọ̀ OPay àti PalmPay, nọ́ńbà fóònù oníbàárà, láìsí òdo iwájú, ló sábà máa ń jẹ́ àkáǹtì. Bí ó bá fi 7, 8 tàbí 9 bẹ̀rẹ̀, ẹ fi òdo síwájú rẹ̀ kí ẹ pè é. Ẹ má sì kàn tẹ báǹkì àkọ́kọ́ tí áàpù bá dábàá. Nọ́ńbà kan náà lè wà ní báǹkì méjì lórúkọ ẹni méjì.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń tà, rìsíìtì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Session ID, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá owó tó ti báǹkì kan lọ sí òmíràn mọ̀, máa ń ní ọgbọ̀n (30) nọ́ńbà nínú. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ni báǹkì tó fi owó ránṣẹ́: 000013 ni GTBank, 000014 ni Access, 100004 ni OPay. Méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá. 100004260312154507 túmọ̀ sí OPay, 12 oṣù kẹta 2026, aago 15:45:07. Rìsíìtì àtijọ́ tí wọ́n yí ọjọ́ rẹ̀ padà máa ń tú níbí, torí wọn kì í rántí Session ID. Bí báǹkì yín àti ti ẹni tó sanwó bá jẹ́ ọ̀kan náà, Session ID lè má sí lórí rìsíìtì. Bó ti wù kó rí, ẹ ṣí áàpù yín kí ẹ rí i pé owó ti wọlé kí ọjà tó kúrò. SMS kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni lè kọ alẹ́ẹ̀tì.

Bí owó bá ti lọ, ẹ pe báǹkì yín lójú ẹsẹ̀, ẹ sọ pé jìbìtì ni, ẹ ka Session ID fún wọn kí wọ́n lè ní kí báǹkì kejì so owó náà mọ́lẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì máa ń kó o kúrò níbẹ̀.

Bí owó tí ẹ kò mọ̀ bá sì wọlé, tí ẹnìkan pè pé òun ṣèèṣì, kí ẹ dá a padà sí àkáǹtì mìíràn, ẹ má ṣe é. Ẹ ní kó lọ bá báǹkì rẹ̀, kí ẹ̀yin náà sọ fún tiyín. Ó lè jẹ́ owó tí wọ́n jí ni, orúkọ yín ni yóò sì yọ lójú fóònù ẹni tí wọ́n jí i lọ́wọ́ rẹ̀.