Bí ẹ ṣe lè ya ìrìnàjò glutamate sórí ìwé

Bírò méjì ni mo máa ń mú tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì: pupa fún glutamate (kẹ́míkà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn), búlúù fún glutamine. Ẹ ya neuron (sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń ránṣẹ́) méjì tó kọjú síra, kí àlàfo tín-ín-rín wà láàárín wọn. Ẹ ya astrocyte, sẹ́ẹ̀lì tó ń ran neuron lọ́wọ́, sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ìràwọ̀.

Ẹ fa ọfà pupa láti ara neuron àkọ́kọ́ bọ́ sínú àlàfo náà. Neuron kejì á jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i. Àmọ́ glutamate ò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀ o! Tó bá pọ̀ tó sì pẹ́, kálísíọ́mù á ya wọ inú neuron kejì, ó sì lè pa á. Excitotoxicity ni John Olney, onímọ̀ nípa ọpọlọ, pe ìyẹn.

Nítorí náà, inú astrocyte ni kí ọfà pupa tó nípọn jù lọ wọ̀. Sódíọ́mù 3 ló ń bá glutamate kan wọlé (ẹ kọ 3 yẹn gàdàgbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kùnà). Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ glutamine synthetase á so ammonia mọ́ ọn, ó di glutamine. Ẹ wá mú bírò búlúù, kí ẹ fa ọfà padà sọ́dọ̀ neuron àkọ́kọ́, níbi tí ẹ́ńsáìmù mìíràn, glutaminase, ti ń sọ ọ́ di glutamate.