Ẹ Má Na Ọmọ Tó Ní ADHD Torí Pé Ó Gbàgbé Iṣẹ́ Tí Ẹ Rán An

Nínú gbogbo àṣìṣe àwa òbí lórí ADHD, ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè pọkàn pọ̀ tàbí kó fara balẹ̀, èyí tó ń dùn mí jù ni kí a máa na ọmọ nítorí ohun tí ẹgba ò lè tún ṣe. Ẹ rán ọmọ ọdún 9 lọ sọ́jà Òkè-Àjé n'Íjẹ̀bú-Òde pé kó ra gàrí, iyọ̀ àti ọṣẹ. Iyọ̀ nìkan ló gbé dé. Kíá, ẹ ti pè é ní olóríkunkun. Bẹ́ẹ̀, ó gbọ́ ohun tí ẹ wí. Apá iwájú ọpọlọ ló ń bá èèyàn di iṣẹ́ mú sọ́kàn, òun ló ń ṣètò ohun tó yẹ kó ṣáájú, òun náà ló ń káni lọ́wọ́ kò. Lára ọmọ tó ní ADHD, iṣẹ́ yìí kì í lọ déédéé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún un, tàbí kí ẹ rán an ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ṣebí ó ń jókòó ti géèmù títí ilẹ̀ fi ń ṣú?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ojú ẹsẹ̀ ni géèmù ń sanwó iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ilé-ìwé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ọmọ ń díbọ́n.

Ẹ má sì rí ọmọ tó ń sáré kiri kí ẹ sọ pé ADHD ni. Dókítà á wò ó bóyá ìṣòro náà ti ń yọjú kó tó pé ọdún 12, bóyá ó ti tó oṣù 6, bóyá ó hàn nílé, tó sì hàn nílé-ìwé. Ọmọbìnrin tó jókòó jẹ́ẹ́, tí ọkàn rẹ̀ ti rìn jìnnà, lè ní in kí ẹnikẹ́ni má fura.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló gba sùúrù jù. Methylphenidate àti àwọn oògùn amphetamine ń jẹ́ kí dopamine àti noradrenaline, àwọn kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ọpọlọ, ìdí nìyẹn tí oògùn tó ń ta ọpọlọ jí fi ń mú ọmọ fara balẹ̀. Ẹ má rà á ní kẹ́mísìtì láìsí ìwé dókítà. Ẹ má fi ti ẹ̀gbọ́n fún àbúrò. Ẹ má fi kọfí tàbí obì Ṣàgámù dípò rẹ̀. Oorun ọmọ ni wọn yóò bàjẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe kó máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọjọ́ á fi rọ̀, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ rún un lẹ́nu: gbogbo agbára rẹ̀ lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Oògùn yìí lè mú kó má wù ú jẹun lọ́sàn-án. Ẹ fún un lóúnjẹ kó tó lò ó láàárọ̀. Tó bá di alẹ́ tí oògùn ti rọlẹ̀, tí ebi dé, ẹ gbé ìkọ́kọrẹ́ fún un kó yó. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọn bó ṣe ga, bó ṣe tẹ̀wọ̀n, àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí àrùn ọkàn bá wà nínú ẹbí, ẹ tètè sọ. Oògùn mìíràn, atomoxetine, wà fún ẹni tí àwọn oògùn tó ń ta ọpọlọ jí ò bá lára mu, àmọ́ ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òbí ló máa ń ṣáájú oògùn.

Ẹ lọ sí OOUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, ní Ṣàgámù, tàbí ilé ìwòsàn Àró l'Ábẹ́òkúta. Ẹ mú ìwé èsì ìdánwò ọmọ dání, kí ẹ sì ní kí olùkọ́ rẹ̀ kọ ohun tí ó ń rí sílẹ̀ fún dókítà.